Ẹja Pípa àti Ìran Wíwò ní Ilẹ̀ Uganda

Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rìn jìnnà ni ó ń rí ohun tí ó bá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi owó tí ó kó jọ fún ọdún mẹ́ta rin ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ kan, tí ó dé ibẹ̀ tí ó bá òjò, tí odò ti kún dé bèbè, tí ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀, tí kò sì rí nǹkan kan sọ nígbà tí ó padà délé bí kò ṣe ìtàn yàrá ilé ìtura. Àṣìṣe irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: owó ni wọ́n kọ́kọ́ kà, wọn kò kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ pẹja kí ó sì wòran ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, omi ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè. Kí ó bi òjò tẹ̀ lé e. Kí ó bi onílé ṣe ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá bi àpò ara rẹ̀. Ilẹ̀ Uganda jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún ọ̀rọ̀ yìí.

Lójú ẹni tí a bí sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ó lè jọ ohun ìyanu pé ènìyàn kan yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ẹja. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹja pípa jẹ́ fún un, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n oríṣi apẹja méjì ni ó wà láyé. Èkíní ń pa ẹja nítorí ọjà àti ìkòkò ọbẹ̀. Èkejì ń pa á nítorí ìgbádùn, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí ta ayò. Apẹja kejì yìí kì í dẹ àwọ̀n, kì í sì í dẹ ìgèrè. Ọ̀pá kan, okùn kan àti ìwọ̀ kan ni ó fi ń bá ẹja wọ̀jà. Nígbà tí ó bá fà á dé etí omi tán, ó lè wọ̀n ọ́n, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì tún dá a padà sínú ibú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá Uganda láti ọ̀nà jíjìn réré.

Uganda wà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Kò ní etíkun rárá, nítorí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ó yí i ká: Kenya ní ìlà-oòrùn, South Sudan ní àríwá, Congo ní ìwọ̀-oòrùn, Rwanda àti Tanzania ní gúúsù. Síbẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ omi. Ìlà agbedeméjì ayé gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè rò pé ooru ibẹ̀ yóò mú ju ti Èkó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà ga. Ní àyíká Kampala tí í ṣe olú-ìlú, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ibẹ̀ a sì máa tutù tó bẹ́ẹ̀ tí arìnrìn-àjò yóò wá aṣọ òtútù.

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo omi Uganda ni adágún Victoria, tí kò sí adágún mìíràn ní Áfíríkà tí ó fẹ̀ tó o. Ó gba ilẹ̀ tó nǹkan bí 68,800 kìlómítà níbùú lóòró, Uganda, Kenya àti Tanzania ni wọ́n sì jọ pín in. Láti inú adágún yìí ni Odò Náílì ti ń ṣàn jáde ní ìlú Jinja. Ó gba inú adágún Kyoga kọjá, ó yí sí ìwọ̀-oòrùn, ó já wálẹ̀ láti orí àpáta ní ibi tí a ń pè ní Murchison, ó sì wọ inú adágún Albert. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọrí sí àríwá lọ sí Sudan àti Íjíbítì, títí yóò fi dé òkun.

Ẹja tí ó sọ odò yìí di olókìkí láàrin àwọn apẹja ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lates niloticus, tí àwọn Baganda sì ń pè ní empuuta. Kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà, nítorí ó wà nínú Odò Ọya. Àwọn Hausa a máa pè é ní giwan ruwa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ erin omi. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Èyí tí ó bá dàgbà tán nínú wọn lè gùn tó mítà méjì, kí ó sì wúwo tó 200 kìlógíráàmù, ìyẹn ni ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin.

Ìtàn ẹja yìí ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ gbọ́, nítorí nínú rẹ̀ ni yóò ti mọ irú àlejò tí ó yẹ kí òun jẹ́. Láyé àtijọ́, kò sí empuuta nínú adágún Victoria. Ìsàlẹ̀ Murchison ni ilé rẹ̀ wà, àti inú adágún Albert. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Murchison dà bí bodè tí a tì pa: omi náà ń já wálẹ̀ láti ibi tí ó ga tó nǹkan bí 43 mítà, kò sì sí ẹja tí ó lè gùn ún. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣì wà lórí oyè, ènìyàn gbé ẹja náà kọjá bodè, wọ́n sì dà á sínú adágún Victoria, pẹ̀lú èrò pé yóò jẹ àwọn ẹja wẹ́wẹ́, yóò sì di ẹran ńlá tí gbogbo ènìyàn yóò jẹ.

Fún ọdún púpọ̀ a kò rí ohun kan gbòógì. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, ẹja náà gba adágún kan. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò sí irú wọn níbòmíràn láyé bẹ̀rẹ̀ sí í di àwátì. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí 200 ẹ̀yà ni ó parun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí tí ń ṣàn wọ inú adágún náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rí oúnjẹ àti iṣẹ́ nípa empuuta, tí a sì ń kó ẹran rẹ̀ lọ tà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò mọ sínú omi nìkan. Ọ̀rá ara rẹ̀ pọ̀, kò ṣe é sá sóòrùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sá ẹja wẹ́wẹ́; iná igi ni a fi ń yan án, igi etí adágún sì ń tán. Ẹja kan náà tí ó jẹ́ onílé rere ní ìsàlẹ̀ Murchison ni ó di àlejò apanirun ní Victoria.

Nítorí náà, omi ti dáhùn ìbéèrè kìíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹja rẹ̀, kí ó lọ pa á ní adágún Victoria, bí ẹja náà kò bá ti yẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá ọmọ ìbílẹ̀ odò wọ̀jà nínú ilé rẹ̀, kí ó lọ sí Murchison, kí ó sì múra láti dá a padà sómi.

Ìbéèrè kejì, ti òjò ni. Ní gúúsù Uganda, òjò a máa rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, àti láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ní ìhà Murchison, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó mú jù lọ ni ti oṣù kejìlá dé oṣù kejì. Ìgbà yìí ni ó sàn jù fún apẹja àti fún awòran bákan náà. Odò a fà, omi a mọ́, àpáta a yọ orí síta, apẹja a sì lè mọ ibi tí ẹja ń gbé dúró de ìjẹ. Koríko a gbẹ, kì í tún fi ẹranko pamọ́ mọ́. Àwọn ẹranko fúnra wọn a sì máa wá mumi lẹ́bàá odò, nítorí kò sí kòtò omi mìíràn fún wọn nínú igbó. Ẹni tí ó lọ ní oṣù kẹrin nítorí pé ilé ìtura dínwó, owó díẹ̀ ni ó jèrè, ìrìnàjò rẹ̀ ni ó pàdánù. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dára, yàrá a máa tètè kún. Ó yẹ kí a ti gba ààyè sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè kẹta, ti onílé ni. Bí ènìyàn kò bá lè wọ ilé ẹni láìkan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ ilẹ̀ Uganda láìní ìwé. Yàtọ̀ sí ìwé ìrìnnà, arìnrìn-àjò tí ó nílò físà gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́wọ́ ìjọba Uganda lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbéra. Ó tún gbọ́dọ̀ mú káàdì aláwọ̀ ìyeyè lọ́wọ́, èyí tí ó jẹ́rìí pé a ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń gbà ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, nítorí ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a bá gbà á kí ìwé náà tó múlẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹni tí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan kò ní láti tún un gbà mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ìwé náà tó gbéṣẹ́.

Ẹ̀fọn tí ń fa ibà wà ní Uganda bí ó ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá; kí arìnrìn-àjò sùn lábẹ́ àwọ̀n, kí ó sì béèrè oògùn ibà lọ́wọ́ dókítà. Nínú omi adágún tí kò ṣàn, ìgbín kéékèèké kan wà tí kòkòrò àrùn àtọ̀sí ajá ń gbé inú rẹ̀. Kòkòrò náà a máa gba awọ ara wọlé, nítorí náà kò dára kí a máa lúwẹ̀ẹ́ níbi tí koríko ti hù sínú omi. Ní Murchison, irù tí ń jẹni bí abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú igbó. Aṣọ aláwọ̀ aró àti aṣọ dúdú ni wọ́n fẹ́ràn láti bà lé. Aṣọ aláwọ̀ eérú tàbí ti yanrìn ni ó yẹ kí a wọ̀.

Òfin ẹja pípa náà ń bẹ. Ọgbà ẹranko ni Murchison, ìjọba sì yà á sọ́tọ̀ láti ọdún 1952. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìwọ̀ sínú odò ibẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ sí etí omi láìsí afinimọ̀nà tí ó mọ ibẹ̀. Òfin yìí kì í ṣe láti gbowó nìkan. Omi tí ń já wálẹ̀ a máa gbé ẹja tí ó ti kú, tàbí èyí tí ojú rẹ̀ ti pòòyì, wá sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀nì fi pọ̀ níbẹ̀ bí ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dúró gan-an létí omi. Ó máa ń fi ìṣísẹ̀ púpọ̀ jìnnà sí i títí ẹja yóò fi rẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ nínú odò. Kì í dúró sójú kan lójoojúmọ́, nítorí ọ̀nì a máa kíyè sí ibi tí ẹran ń wá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá sì ti ń lẹ́, a kúrò lójú ọ̀nà erinmi, nítorí òru ni ẹranko náà máa ń gòkè lọ jẹko, ẹni tí ó bá sì dúró láàrin òun àti omi, ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tafà. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Okùn tí a ó lò gbọ́dọ̀ yi, kí ó sì gùn, nítorí erin omi a máa sá lọ jìnnà, àpáta odò a sì máa já okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹja mìíràn wà níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Ẹni tí ó bá ń wá a yóò fi wáyà so ìwọ̀ mọ́ okùn. Ó dára kí a ti tẹ ẹnu kékeré tí ó wà lẹ́yìn ìwọ̀ pẹlẹbẹ ṣáájú, kí a lè yọ ọ́ láìfa ẹja ya. Ọwọ́ tútù ni a fi ń mú ẹja tí a ó dá padà, nítorí ọwọ́ gbígbẹ a máa bó ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀, èyí tí í ṣe ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn. A kì í gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́ nítorí àwòrán. A ó kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, a ó sì dì í mú jẹ́jẹ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi padà, tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ sí Murchison tí kò wo ohun mìíràn ju ìwọ̀ rẹ̀ lọ ti fi ìdajì ìrìnàjò rẹ̀ ṣòfò. Erin, ẹfọ̀n, kìnnìún àti àgùnfọn ọlọ́rùn gígùn ń bẹ nínú ọgbà náà. Láti Paraa, ọkọ̀ omi a máa gbé awòran lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi fún wákàtí bí i méjì tàbí mẹ́ta, láàrin erinmi tí wọ́n ń fọn imú sókè. Níbẹ̀ ni odò ńlá tí ó ti ń ṣàn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ ti fún ara rẹ̀ gba àárín àpáta tí kò fẹ̀ ju mítà méje lọ. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara ẹni.

Orúkọ ibẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Samuel Baker, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1864, ni ó fi orúkọ Roderick Murchison, olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní London, sọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1970, a pè é ní Kabalega fún ìgbà díẹ̀. Kabalega ni ọba Bunyoro tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun ní àwọn ọdún 1890. Wọ́n mú un ní ọdún 1899, wọ́n sì kó o lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Seychelles. Ní ọdún 1923 ni wọ́n jẹ́ kí ó máa padà bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n Jinja ni ó kú sí, kò dé ilé. Ní ọdún 1962, ìkún omi la ọ̀nà kejì lára àpáta náà. Nítorí pé ọdún náà gan-an ni Uganda gba òmìnira, wọ́n pe omi tuntun náà ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili.

Ìbéèrè ìkẹyìn, ti àpò ni, ọjọ́ sì jẹ́ owó. Ọjọ́ mẹ́wàá tó fún ẹni tí kì í ṣe oníwọra. Kí ó lo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní Entebbe, níbi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú wà létí adágún Victoria. Kí ó fi ọkọ̀ kékeré lọ sí irà Mabamba wo ẹyẹ ńlá aláwọ̀ eérú kan tí ẹnu rẹ̀ tóbi bí bàtà. Ní ọjọ́ kẹta, kí ó gba ọ̀nà Murchison, tí ó tó nǹkan bí 300 kìlómítà láti Kampala, kí ó sì yà ní Ziwa lójú ọ̀nà. Àgbáńréré ń bẹ ní Ziwa. Àwọn ọdẹ ti pa gbogbo àgbáńréré Uganda tán kí ọdún 1985 tó dé. Láti ọdún 2005 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ti ń bímọ. Kí ó fi ọjọ́ mẹ́rin fún odò. Ní ọjọ́ kẹjọ, kí ó padà sí Kampala. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kí ó lọ sí Jinja wo ibi tí Odò Náílì ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀, níbi tí Speke dé ní ọdún 1862, tí a sì da díẹ̀ nínú eérú òkú Gandhi sí ní ọdún 1948. Ọjọ́ kẹwàá ni ti ilé.

Ẹlòmíràn yóò fẹ́ fi igbó Bwindi kún un, níbi tí ìnàkí ńlá orí òkè ń gbé. Ohun tí ó yẹ kí a rí ni, ṣùgbọ́n ìkángun ilẹ̀ náà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó wà, jìnnà sí Murchison. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá, inú mọ́tò ni yóò ti lo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìkánjú kì í bímọ rere. Ní oṣù kìíní ọdún 1954, Ernest Hemingway, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ràn ẹja pípa jù lọ, ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Murchison láti òkè. Ọkọ̀ náà kọlu wáyà àtijọ́ kan, ó sì já sínú igbó. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti awakọ̀ náà sùn síbẹ̀ láàrin erin, títí ọkọ̀ omi kan tí ó ń kọjá fi gbé wọn ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n tún wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn ní Butiaba láti yára dé ilé ìwòsàn, èyí náà gbiná, ó sì fara pa gidigidi. Ìwé ìròyìn ti kéde ikú rẹ̀ káàkiri ayé kí a tó gbọ́ pé ó ṣì ń bẹ láàyè. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó yára. Ọkọ̀ omi ni ó gbé e kúrò nínú igbó.

Ìrìnàjò tí a bá fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ kì í ṣòro parí. Bodè Murchison kò dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbà tí a gbé ẹja kọjá rẹ̀ láìbi omi léèrè ni wàhálà dé. Àlejò tí ó mọ ìgbà tí onílé ráyè, tí ó tọrọ ààyè kí ó tó sọ ìwọ̀ sódò, tí ó sì fi ẹja sílẹ̀ bí ó ti bá a, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí abuké erin, yóò padà délé ní àlàáfíà, odò náà yóò sì wà níbẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.